Àtíbàbà olówó pọ́ọ́kú fún ẹṣin kékeré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹṣin kékeré mi ń gbé ìta tọ̀sán-tòru, abẹ́ igi kan ṣoṣo ló ń sá sí bí òjò bá dé. Owó ọwọ́ mi ò ká ilé ẹṣin gidi. Ṣé tapólì lásán lè ṣe é?

Èsì: Tapólì kẹ̀! Atẹ́gùn á máa gbá a pàpàpà, ẹṣin á sì fẹ́ òjò jù ú lọ. Ẹ ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹ fi pákó àlòkù dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti sábà ń wá. Mítà 3 níbùú lóròó tó o. Kí òrùlé dà sẹ́yìn, kí omi má baà ṣàn sẹ́nu ọ̀nà.

Èsì: Páànù dára lórí òrùlé, àmọ́ ẹ má fi ṣe ògiri. Bí ẹṣin bá ta ìpá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀, etí páànù sì mú bí abẹ. Ìṣó tó bá yọrí, ẹ lù ú wọlé.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀.

Èsì: Ẹ wá ibi tó ga díẹ̀, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Pátákò tó ń wà nínú ẹrẹ̀ ṣáá máa ń jẹrà.