Ta ló ti gun ilé iná Thomas Point rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Maryland. Ilé iná onígun mẹ́fà tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi, tó dá dúró sórí omi Chesapeake Bay, nítòsí Annapolis, wọ́n ní ọkọ̀ máa ń kó èèyàn lọ wò ó. Ta ló ti débẹ̀? Ṣé ọmọdé lè gùn ún?

Ìyá Ìbejì: Mo ti débẹ̀. Orí ọkọ̀ lẹ ó ti di àkàbà mú o, ọkọ̀ á sì máa mì. Ihò kan ni wọ́n dá sí pátákó tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé náà, ibẹ̀ lẹ ó ti yọrí. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀, torí ọkọ mi ní a kàn ń lọ wo ilé.

Àjàní: Ìró kẹ̀! 😂😂

Adúnní: Ẹ bá wa bi ọkọ yẹn léèrè ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ó ti gòkè tán kó tó rántí pé òun níyàwó nísàlẹ̀.

Apẹja: Èmi ò gùn ún rí, àmọ́ ó gbà mí là. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wa lọ́wọ́ lóru, omi ń gbé wa lọ. Iná funfun ló máa ń ṣẹ́jú síni. Bó bá ti di pupa lójú yín, ẹ ti wọ ibi tómi ò jìn nìyẹn. Bí mo ṣe rí pupa báyìí, mo ju ìdákọ̀ró. Mo sì rí ẹnì kan lójú fèrèsé.

Àjàní: Ẹni wo? Láti 1986 niná yẹn ti ń dá ṣiṣẹ́, kò sí olùtọ́jú tó ń gbébẹ̀ mọ́.

Adúnní: Àwọn olùyọ̀ǹda tó ń tún un ṣe ńkọ́?

Apẹja: Lóru?

Bàbá Ṣẹ́gun: Tèmi ni pé irin tí wọ́n yí wọnú ẹrẹ̀ bíi skúrù ló gbé ilé yẹn ró láti 1875, ó sì ń bà mí lẹ́rù.

Àjàní: Kí lomi lásán fẹ́ fi irin ṣe?

Bàbá Ṣẹ́gun: Yìnyín ńkọ́? Ní 1877 ó mi ilé yẹn débi pé gíláàsì iná ṣubú, ó bàjẹ́. Òkúta tẹ́ ẹ rí yí i ká yẹn, torí yìnyín ni. Ẹ lọ wo ilé iná Sharps Island, òun náà wà ní Chesapeake Bay, yìnyín tì í ní 1977, ó ṣì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dòní.

Àjàní: Áà! Mo ti rí ìyẹn. Mo rò pé ọtí ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ńkọ́?

Adúnní: Apẹja, ọkùnrin ni àbí obìnrin?

Apẹja: Ó dé fìlà.

Àjàní: Olùyọ̀ǹda ni. Ẹ lọ sùn.