"Àjọlò" ni kí a mú, kì í ṣe "àjọní"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ń wá orúkọ kan tí a lè fi pe ọjà, ilé ìwòsàn kékeré, pápá ìṣeré àti gbọ̀ngàn àdúgbò, nígbà tí òfin bá dáàbò bò wọ́n kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ wọ́n di nǹkan mìíràn. Wọ́n dábàá "ohun amáyédẹrùn". Àbúrò kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní "dúkìá àjọní" ló dára jù. Mi ò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Ohun amáyédẹrùn" ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí olóṣèlú bá ti pè é, iná, omi ẹ̀rọ àti títì ọlọ́dà ni gbogbo wa ń gbọ́. Ìdí igi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà kò sí nínú rẹ̀.

"Àjọní" ló léwu jù, nítorí ó dùn létí. Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀gbọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Òfin ọdún 2011 fún àwọn ará àdúgbò láyè láti ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ilé ọtí tàbí ilé ìtajà tó wúlò fún àdúgbò sínú ìwé àkọsílẹ̀ fún ọdún 5. Bí onílé bá fẹ́ tà á, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Bí ẹgbẹ́ àdúgbò bá sì sọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 pé àwọn fẹ́ rà á, onílé á dúró di oṣù 6 kí wọ́n lè wá owó. Láti ọdún 2017, ẹni tó bá fẹ́ wó ilé ọtí tàbí kó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìtajà oúnjẹ tí kò ju 280 mítà onígun mẹ́rin lọ, tí irú rẹ̀ kò sí láàárín kìlómítà 1 yí i ká, ní ààbò tirẹ̀ náà. Síbẹ̀ onílé ló ṣì ni ilé. Ìlò ni òfin ń ṣọ́. Tí a bá pè é ní àjọní, onílé á ní a fẹ́ gba ogún òun, ó sì máa jàre.

Nítorí náà, "ibi àjọlò" ni tèmi. Kí àbúrò wa wo Àjàṣẹ́ níbẹ̀: àwọn gbàgede iwájú ojúbọ vodun, tí wọ́n ti tún mélòó kan nínú wọn ṣe, agbo ilé ló ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń ṣeré níbẹ̀, tó ń pàtẹ níbẹ̀, tó ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Bí wọ́n bá ṣe lotissement lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ni pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ àdúgbò, kí wọ́n sì gé e sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n máa ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti ilé ìwòsàn. Réserve administrative ni Faransé ń pè é, àwa ń pè é ní "ilẹ̀ ìjọba". Ní àdúgbò kan ní Kétu níbí, mo rí i tí bíríkì ń jọ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti rà á. Mo bi ìyá tó ń din àkàrà létí ibẹ̀. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ìjọba mà ni, kí ló kàn wá?" Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń tà yẹn! Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2013 sọ pé ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú kò ṣeé tà, ṣùgbọ́n ta ni yóò pariwo nígbà tí orúkọ ilẹ̀ náà ti sọ pé ti ẹlòmíràn ni? "Ilẹ̀ àjọlò" ni kí a máa pè é, kí ó lè kan ìyá alákàrà.

Ní ti orúkọ tí a ó pe òfin tó ń sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ ṣe, "òfin ìlò ilẹ̀" tí ẹ̀gbọ́n mú wá tó. Ẹ má jẹ́ ká tún fi "ìfètòsí" (ètò ṣíṣe) kún un, ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló máa wá sọ́kàn àwọn èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi "ilẹ̀ àjọlò" lọ àwọn ìyálọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún un, tiwọn ni kí a gbà.