Merri Creek: báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Melbourne. Olùkọ́ àwọn ìbejì mi ní kí wọ́n wá sọ bí Merri Creek, odò kékeré ìlú wa yìí, ṣe ń ṣàn, láti orí dé ìdí. Ọmọ ọdún 7 ni wọ́n. Mo tẹ́ máàpù síwájú wọn, oorun ló gbé wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Dámi: Ìyá Ìbejì, ẹ ká máàpù yẹn nílẹ̀. Ibi tí odò náà parí sí lèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Victoria Park, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Dights Falls. Ibẹ̀ ni Merri ti ń dà sínú odò Yarra, Yarra á sì gbé e lọ sínú òkun ní Port Phillip. Dámi ju ewé kan sómi, ó ń wò ó títí ó fi ré kọjá ìdènà omi tí wọ́n mọ láyé àtijọ́ fún ilé ìlọ ọkà. Ó wá ní, "Dádì, níbo ni omi yìí ti ń bọ̀?" Ohun tí mo ń retí nìyẹn! Lọ́sẹ̀ kejì, a dé Coburg Lake, níbi tí wọ́n ti sé Merri fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, mo fi mọ́tò gbé Dámi lọ sí Wallan, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, nítòsí àwọn òkè tí odò náà ti ń sun. Ó fò ó kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kò lè jẹ́ odò kan náà. Bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 70 kìlómítà ló ń rìn.

Àǹtí Bísí: Ẹ sọ ìtàn orúkọ rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Àwọn Wurundjeri, ọmọ onílẹ̀ ìbílẹ̀ Australia, ló ni ilẹ̀ náà, òkúta sì ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí ní èdè wọn. Láéláé, iná abẹ́ ilẹ̀ pọ òkúta yíyọ́ jáde, ó ṣàn kún àfonífojì, ó dì gbagidi, odò sì ń wá ọ̀nà gbà. Mo da ẹ̀kọ gbígbóná sáàárín tíréè, nígbà tó dì mo ń ro omi lé e lórí. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló pariwo pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kọ ni omi ń gbà!

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Kẹ́hìndé ń bèèrè bóyá omi ojú títì ń wọ inú odò náà.

Bàbá Dámi: Ó ń wọ̀ ọ́. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n omi òjò inú gọ́tà, tààrà sódò ni. Orí koríko ni kí ẹ ti máa fọ mọ́tò. Ẹ fi ẹnu gọ́tà iwájú ilé hàn wọ́n, kí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni odò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Bísí: Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ fún wọn, ejò máa ń jáde nígbà ooru. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ lẹ́sẹ̀, ẹ má fọ ojú ibẹ̀, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́: ẹ fi báńdéèjì di gbogbo ẹsẹ̀ náà dáadáa, kó má mira rárá, kí ẹ pe 000, nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ má sún mọ́ bèbè.

Ìyá Ìbejì: Mo gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Victoria Park, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí. Táíwò ti lọ ń ká ewé.