Ilé àtijọ́ ní Ely: wọ́n ti pààrọ̀ fèrèsé láìgbàṣẹ, ṣé ká rà á?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní UK. Èmi àtìyàwó mi rí ilé bíríkì ayé àtijọ́ kan tó wù wá gan-an ní Ely, lápá Cambridge, téèyàn bá dúró lójú fèrèsé òkè, kàtídírà yẹn ló máa wò lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọ tiẹ̀ ti ń jà lórí yàrá. Àmọ́ Grade II ni, ìyẹn ilé tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé ká dáàbò bò nítorí ìtàn ẹ̀, èèyàn ò gbọdọ̀ tún un ṣe bó ṣe wù ú láìgbàṣẹ káńsù. Sọ́fẹ́yọ̀ tó bá wa yẹ ilé náà wò wá rí i pé ẹni tó ń tà á ti yọ fèrèsé onígi ẹ̀yìnkùlé, ó fi oní-pílásítíìkì síbẹ̀, ó tún fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri tó yẹ kó jẹ́ lime (ẹfun ìkọ́lé tó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde), omi ti há sínú bíríkì, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ògiri kíṣíìnì, ńṣe ló ń bó.

Lọ́yà wa ní tá a bá ti rà á, wàhálà fèrèsé yẹn ti di tiwa nìyẹn, bó ti wù kó pẹ́ tó, káńsù lè ní ká dá a padà sí bó ṣe wà. Lọ́yà tiwọn ní àwọn máa ra ìnṣọ́ránsì fún wa nítorí wàhálà fèrèsé yẹn, àmọ́ a ò gbọdọ̀ sọ fún káńsù rárá, tá a bá sọ ọ́, ìnṣọ́ránsì ti bàjẹ́. Èyí gan-an ló ń kọ mí lóminú. A ní kí wọ́n dín owó kù, wọ́n kọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú ilé yìí rí, ṣé ìnṣọ́ránsì yẹn máa sanwó fèrèsé tuntun lóòótọ́ tí káńsù bá dé, àbí ká ní kí ẹni tó ń tà á lọ gbàṣẹ fúnra ẹ̀ ká tó fọwọ́ síwèé?