Ẹ gbà mí o, ọmọ mi ò tíì mọ ohun tó fẹ́ kà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin wọ yunifásítì ní Maryland ní Amẹ́ríkà níbí ní August, àfi bá a ṣe rí i tí wọ́n kọ undeclared síwájú orúkọ ẹ̀, mo ní kí lèyí, ó ní mọ́mì ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò tíì mú major, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí màá gboyè nínú ẹ̀, ni. Dádì ẹ̀ ò rí oorun sùn. Wọ́n ní àwọn ò tíì kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì táwọn ti kọ kọ́ọ̀sì sí fọ́ọ̀mù JAMB, pé ta ló ń wọ mọ́tò láì mọ ibi tó ń lọ. Ọmọ ní òun ṣì ní títí dé ìparí ọdún kejì. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn ń fi wá ṣeré? Ẹ dákun, ilé ti gbóná.

Ìyá Ìbejì: Irọ́ kọ́ mà. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ló gbà bẹ́ẹ̀. Nínú krẹ́díìtì 120 tí wọ́n sábà máa ń kà jáde, èyí tí gbogbo wọn jọ ń kà wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ìtàn, òun náà lọmọ yín ń kà báyìí.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Ìyá Ìbejì ẹ ò parọ́ àmọ́ ẹ ò sọ ọ́ tán. Ó dọwọ́ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ. Tó bá jẹ́ History, kó máa rọra ṣe. Nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà gbọ́dọ̀ ka calculus 1 kó tó kan 2, kó ka physics kó tó fọwọ́ kan statics, tó bá pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún kan ti wọgbó nìyẹn. Ọdún kejì ti ń parí lọ kémi tó sáré wọ civil, ọdún mẹ́fà ni mo lò, mo ṣì ń san lóònù ẹ̀ dòní. Pell Grant gan-an, owó ìrànwọ́ ìjọba tí èèyàn kì í san padà, sẹ́mẹ́sítà 12 péré ni wọ́n ń fúnni. Kó yáa mú ìṣirò tó le báyìí, kó má baà tilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀ síta.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ̀yin ń jayé o 😂 Àwa, SS1 ni wọ́n ti pín wa sí science, art àti commercial, ọmọ ọdún 13 ni mí. Medicine ni mo kọ sí JAMB, Agric Extension ni wọ́n gbé fún mi, mo gbà á torí jíjókòó sílé ti sú mi. Kí dádì yẹn má fi JAMB yangàn jàre.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo bi í lálẹ́ àná, ó ní kọ̀ǹpútà tàbí economics ló ń wu òun. Ọjọ́bọ̀ ló máa rí advisor, ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà lórí ohun tí wọ́n máa kà. Dádì ẹ̀ ní àwọn máa bá a lọ, ọmọ wá ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí téṣàn.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Ẹ bá mi bẹ dádì kí wọ́n jókòó sílé mà. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, kó bi advisor bóyá ẹni tí wọn ò gbà sí i látìbẹ̀rẹ̀ ṣì lè bọ́ síbẹ̀, torí àwọn ilé ìwé kan ti dín iye tí wọ́n ń gbà kù. Ìyẹn ni kó kọ́kọ́ béèrè.