Bàbá olórogún ní Ifẹ̀, clearance ní Amẹ́ríkà: ta ni kí àbúrò mi kọ sí fọ́ọ̀mù SF-86?

Ọmọ Ìlódè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àbúrò mi ti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Pentagon sì ń dúró dè é kó kọ SF-86, fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ń wádìí èèyàn, fún clearance, ìyẹn àṣẹ láti mọ àṣírí ìjọba. Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá wa fẹ́, ọmọ 14 ni wá. A ò mọ ọjọ́ ìbí àwọn ìyá wa. Fábùnmi ló wà nínú ìwé WAEC rẹ̀, Olúbùnmi ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ó ń fi dọ́là 150 ránṣẹ́ sí Màámi lóṣooṣù, ọbàkan wa kan sì jẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn ará ilé ní iyèkan rẹ̀ nìkan ni kó kọ, kó má baà rú àwọn aṣèwádìí lójú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Akọ̀wé Lágéré:
Rárá o, ẹ dákun, kó má dán an wò. Abala 18 fẹ́ iyèkan àti ọbàkan, ìyàwó bàbá, bàbá àna àti ìyá àna, títí kan àwọn tó ti kú. Ọbàkan kan ṣoṣo tó bá yọ sílẹ̀, tí aṣèwádìí wá rí i lórí Facebook, ó ti di ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ nìyẹn. Ọmọ 14 kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Irọ́ tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ pa lórí fọ́ọ̀mù náà ló lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 5.

Iṣẹ́ tiyín nílé ni kí ẹ ra ìwé kan, kí ẹ to àwọn ọmọ sí abẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan: orúkọ kíkún, ọjọ́ àti ìlú tí wọ́n bí i sí, ibi tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe. Ilé tí kò ní nọ́ńbà, ẹ kọ orúkọ agbo ilé àti àdúgbò. Fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń béèrè ìgbà tí òun àti àbúrò yín sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, bóyá lórí WhatsApp ni, àti bó ṣe máa ń wáyé sí.

Ní ti àwọn ìyá, ẹ bi àwọn àgbà bóyá àwọn ìyá náà ti dàgbà tó ta ọjà nígbà ogun Biafra, 1967 sí 1970. Kí àbúrò yín kọ ọdún tó bá sún mọ́ ọn, kó fàmì sí àpótí "Est." (àfojúbù). Ẹ má lọ búra ọjọ́ tí ẹ hùmọ̀ ní kóòtù.

Mọrèmi_84:
Orúkọ méjèèjì, abala 5: kó kọ ọdún tó fi jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀. Kó ṣàlàyé ní gbólóhùn kan pé ìdílé yín yí orúkọ tó ní Ifá padà sí Olú. Aṣèwádìí tí kò mọ Yorùbá lè rò pé èèyàn méjì ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń da wọ́n láàmú. Ẹni tí wọ́n bí ní Ifẹ̀ ṣáájú 27 August 1991, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè wà nínú ìwé àtijọ́ rẹ̀, kí Ọ̀ṣun wà nínú tuntun. Kó kọ ọ́ sínú àpótí àlàyé.

Kó sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí jíjẹ́ ọmọ ìlú méjì. Abala 28 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. SEAD 4, ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń pinnu ẹni tó yẹ fún clearance, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2017, sọ pé ìyẹn nìkan kì í pa clearance. Àmọ́ pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni kó máa fi wọ Amẹ́ríkà, òun náà ni kó máa fi jáde.

Akọ̀wé Lágéré:
Owó Màámi, abala 20A: $150 lóṣooṣù, $1,800 lọ́dún. Kó tọ́jú rìsíìtì. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti pín fún àbúrò yín nílé náà ń lọ síbẹ̀. Ọbàkan tó jẹ́ ọlọ́pàá, kó kọ ipò rẹ̀, torí òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ mìíràn ni lójú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa béèrè ìbéèrè jù. Tí wọ́n bá kọ ìwé sí àbúrò yín láti sọ ìdí tí wọ́n fi lè má fún un ní clearance, òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ 20 láti fèsì.

Ọmọ Ìlódè:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹnì kan ní Sábó ní òun lè bá wa tètè gba clearance náà, ó ń béèrè owó.

Mọrèmi_84:
Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ń wá clearance kì í san nǹkan kan, kò sì lè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ọ̀gá ètò ààbò ní ilé iṣẹ́ tó gbà á ló ń ṣí i fún un lórí eApp, ìkànnì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni yẹn rí ọjọ́ ìbí tàbí NIN ẹnikẹ́ni nínú yín.