Àlàfo gbàgàdà láàárín ìpínrọ̀, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wuse l'Ábújá níbí ni mo ti ń bá àwọn èèyàn to ìwé, LaTeX, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ìwé, ni mo ń lò. Mo gbé òǹkà méjì inú ẹ̀, widowpenalty àti clubpenalty, sí 10000 kí ìlà kan ṣoṣo má bàa dá wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ojú ìwé, ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ìpínrọ̀ wá ń jìnnà síra wọn, torí LaTeX fẹ́ kí gbogbo ojú ìwé gùn dọ́gba. Raggedbottom, àṣẹ tó ń gbà kí ìsàlẹ̀ àwọn ojú ìwé má dọ́gba, yanjú ìyẹn, ṣùgbọ́n oníwèé ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí ségesège, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀, ojú ìwé méjì tó kọjú síra yẹ kó parí síbì kan náà. Ṣé kí n fi àṣẹ enlargethispage fi ìlà kan kún méjèèjì ni àbí kí n lo looseness, èyí tó ń mú kí ìpínrọ̀ kan fi ìlà gùn sí i tàbí kó fi kúrú? Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?